Ohun Tí Mi Ò Lè Sọ Lórí Fóònù

Àkọ́bí mi, ọmọ tó sọ mí di ìyá,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró-de-ọkọ̀, mo kí ọ kú àìsùn-tó. Kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìjókòó, kó má bá ọ ní ìdùbúlẹ̀. Oúnjẹ tí o bá jẹ níbẹ̀ á gbà ọ́ lára, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní kẹ̀yìn sí ọ, ilẹ̀kùn tí o bá tì yóò wà ní títì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣé o ṣì ń jẹun àárọ̀ kí o tó jáde? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o wá kẹ́yìn ti lọ? Má purọ́ fún mi.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó wà nídìí iṣẹ́ báyìí, ó ń lẹ táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan tó tóbi ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ń dùn ún, ṣùgbọ́n tí o bá bi í á ní ẹ̀yìn ta ni. Òrùlé yàrá àárín ti tún ń jò, a gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, ohun tí òjò ń sọ fún garawa yẹn kò jẹ́ ká gbọ́ ti ara wa. Adìẹ funfun tí o fi sílẹ̀ ti pamọ, àṣá sì ti gbé nínú wọn. Ìròyìn ilé tó ṣeé fi kíni nìyẹn.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè tí kò wọlé, má bínú. Fóònù tuntun tí o rà fún mi wà nínú rọ́bà inú táyà. Bàbá rẹ ló wé e, tó fi okùn dì í bí ẹni ń di ọgbẹ́, ó ní ohun tí kò bá rí atẹ́gùn mí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí ìlú yín ló bá mi mú un wá, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fi fóònù tirẹ̀ sílé kó tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Jókòó kí o tó ka ìyókù. Wọ́n ti mú àbúrò rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni o ti máa gbọ́ ọ. O rántí pé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo la ní tẹ́lẹ̀, èyí tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé ìwé, tó jẹ́ pé kí èèyàn tó lè gbọ́ ohùn ẹni tó pè é, àfi kó gun orí àpáta, kó na apá kan sókè bí ẹni tí wọ́n ń fi ìbọn halẹ̀ mọ́. Òpó yẹn kò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn tí o padà síbi iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín dé, tí wọ́n ń so àpótí kéékèèké mọ́ òpó iná, láti ẹnu ọ̀nà kúárì tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta títí dé àdúgbò wa, ọ̀kan sì dojú kọ fèrèsé ilé ìdáná mi gan-an. Ọkùnrin tí wọ́n gbé wá láti polówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ pé ibikíbi tí èèyàn bá wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun yìí kò ní sọ ọ́ nù láéláé. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín. Mo rò pé àdúrà ni.

Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ibi iṣẹ́ rẹ ló ni àpótí náà, ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù. Mo máa ń kí i láàárọ̀ tí mo bá ṣí fèrèsé. Bàbá rẹ bi mí pé ta lò ń kí, mo ní iṣẹ́ ọmọ wa ni. Ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́, èyí tó ń bá wọn gun òpó, jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ lọ́jọ́ kan, ó sì ṣàlàyé fún wa. Ó ní òpó orí òkè yẹn, bóyá ni ó mọ̀ ju ìlú tí èèyàn wà lọ. Ó ní àwọn tuntun yìí sún mọ́ ara wọn débi pé wọ́n lè mọ̀ bóyá ilé ìdáná ni fóònù wà tàbí yàrá, wọ́n sì lè mọ ti gbogbo ìlú pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò rẹ̀ wọ́n. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, pé òun tí òun fẹ́ mi sílé láti ọjọ́ tó ti pẹ́ yìí, òun kì í mọ ibi tí mo bá wọlé sí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo béèrè bóyá ó lè bá mi wá ìgò epo mi tó sọnù, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní àfi tí ìgò náà bá ní síìmù.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kúárì ṣẹlẹ̀. O mọ bàbá tó ń lo ẹ̀rọ tó ń lu òkúta, èyí tó máa ń fún yín ní súìtì nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré. Eruku ló pa á. Ó wúkọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ̀lé e, ó sì lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí ilé iṣẹ́ ra ìbòmú fún àwọn, kí dókítà sì máa wá wo àyà àwọn. Wọn kò dá wọn lóhùn. Ni wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró sẹ́nu géètì. Wọn kò fọ́ ìgò, wọn kò dáná sun nǹkan kan, wọ́n kàn dúró ni. Àbúrò rẹ tí òun náà ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló pe ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi gbọ́ ọ, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, inú ń bí mi pé tíì rẹ̀ ti ń tutù.

Ọjọ́ kejì ni àwọn ọlọ́pàá wọ àdúgbò. Ọmọ mi, wọn kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wo fóònù ọwọ́ wọn, wọ́n ń yà sílé bí ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí. Wọ́n mú obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, tí kò mọ̀ ju pé ẹnu géètì ni oníbàárà pọ̀ sí lọ. Wọ́n mú ọkùnrin kan tí ibà dè mọ́lẹ̀ nílé, nítorí pé ó yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní fóònù lọ síbẹ̀. Ẹni tó pariwo jù lọ níbẹ̀, tí ohùn rẹ̀ há títí di ìsinsìnyí, ẹnikẹ́ni kò yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí fóònù rẹ̀ ti já sínú ṣáláńgá ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Bó ṣe ń bínú sí ṣáláńgá yẹn tẹ́lẹ̀, ó kù díẹ̀ kó máa dọ̀bálẹ̀ fún un báyìí.

Obìnrin oníbúrẹ́dì ní nígbà tí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun bi ọlọ́pàá pé ta ló rí òun níbẹ̀, ọlọ́pàá ní fóònù rẹ ló sọ fún wa. Láti ìgbà náà kò kí mi mọ́. Mo ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún mi bí ẹni ń fún ajá, ó ní kí n kí ọmọ mi tó wà níbi nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo sọ fún un pé dídá oníbàárà tó ń bínú lóhùn lórí fóònù nìkan ni iṣẹ́ rẹ, pé o kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ṣebí abẹ́ òrùlé kan náà ni. O ò sì sọ fún mi rí ohun tí ẹ ń ṣe nínú àwọn yàrá tó kù.

Àbúrò rẹ ti kúrò nílé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló sáré wá sọ fún un pé kó fi fóònù sílẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ rìn. Ó gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ó sọdá odò, ó lọ bá Màmá Kékeré. O mọ̀ pé èmi àti àbúrò mi yẹn kò sọ̀rọ̀ síra wa láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, nítorí maṣíìnì ìránṣọ tí màmá fi sílẹ̀, tí mo ní tèmi ni, tó ní tòun ni, tí maṣíìnì fi dípẹtà láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé kò sí ẹni tó máa wá a síbẹ̀. Màmá Kékeré kò sì janpata, ó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ, ó kó o sí yàrá ẹ̀yìn.

Fóònù àbúrò rẹ wá kù sí mi lọ́wọ́; nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, wọ́n sì lọ. Mo rò ó pé tí mo bá pa á, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á mọ̀ pé ó sá. Nítorí náà mo ń bá àbúrò rẹ gbé ayé rẹ̀. Láàárọ̀ mo máa ń mú fóònù lọ sí balùwẹ̀, mo máa ń gbé e sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà tó máa ń lò níbẹ̀, o mọ̀ pé kì í tètè jáde. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń gẹrun, mo gbé e lé orí àga, ọkùnrin náà ní Màmá, irun ta ni ká gẹ̀, mo ní kó máa gẹ̀ ẹ́ lọ láìfọwọ́kan nǹkan kan. Tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá, mo máa ń lọ dúró láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin, fóònù wà nínú kọ́mú mi. Ẹsẹ̀ a máa ro mí. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé lọ́jọ́ kan, mo sì pariwo, torí mo mọ̀ pé òun náà ì bá pariwo. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo máa ń tẹ́ fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo máa ń fi aṣọ bò ó. Bàbá rẹ ní mo ti ya wèrè. Òun náà ló ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbàgbé láti ṣáájì rẹ̀.

Ó ní nǹkan kan tí mi ò lè fi sílẹ̀ o. O mọ̀ pé kò sí ìrọ̀lẹ́ tí mo fọ abọ́ tán tí mi ò gbé fóònù láti ṣàdúrà sí yín létí lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà tí o bá wà nínú ọkọ̀ tí o ń tijú, àfi kí o ṣe àmín. Báwo ni ọmọ tó wà nínú ewu ṣe máa sùn láìsí àdúrà ìyá rẹ̀? Mo gbé fóònù tìrẹ tí o rà fún mi, mo pe Màmá Kékeré. Ó jẹ́ kó dún títí kó tó gbé e. Kò kí mi, ó kàn ní:

“Ta ló kú?”

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní ewúrẹ́ mi tó ṣáko wá sọ́dọ̀ rẹ ń kọ́, ṣé ó ti jẹun? Orí rẹ̀ pé, ó yé e kíá. Ó ní ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀wà, ó jẹ búrẹ́dì lé e, ó tún ń béèrè omi tútù. Mo ní kó gbé fóònù sí ewúrẹ́ létí. Mo ṣàdúrà, ewúrẹ́ ṣe àmín. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, a kò dárúkọ kúárì. Mo tiẹ̀ máa ń bú ewúrẹ́ náà láàárín ọ̀rọ̀, màá ní ìwo rẹ̀ ti gùn jù. Lẹ́yìn àdúrà èmi àti Màmá Kékeré á sọ̀rọ̀ díẹ̀, nípa eékún rẹ̀, nípa maṣíìnì. Ó ní kí n wá gbé e. Mo ní kó fi sílẹ̀. Inú mi dùn, ọmọ mi. Nínú gbogbo wàhálà yẹn, inú mi dùn pé mo ní àbúrò padà.

Òwúrọ̀ kan ni wọ́n lọ mú àbúrò rẹ níbẹ̀, ó ń fọ eyín. Màmá Kékeré rán ènìyàn sí mi, mo sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, fóònù rẹ̀ ṣì wà lára mi torí mo fẹ́ gbé e lọ sí balùwẹ̀ ni ìròyìn bá mi. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, kò wọ bàtà. Ojú rẹ̀ kan wú. Ó rí mi, ó sì fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ewúrẹ́ yín kò tíì jẹun o.” Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo bi ọ̀gá wọn pé ta ló ta ọmọ mi. Mo ti ń fura sí ìyàwó aládùúgbò Màmá Kékeré, mo ti ń ṣépè fún un nínú mi láti ojú ọ̀nà. Ọ̀gá náà kò jágbe mọ́ mi, ó gbé àga fún mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó ní:

“Màmá, ẹ má ṣépè fún ẹnikẹ́ni. A ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ, a ò sì nílò rẹ̀. Ẹ̀yin àti àbúrò yín ò pe ara yín fún ọdún gbọọrọ. Ọjọ́ tí ọmọ yín sá ni ẹ bẹ̀rẹ̀, ó sì di ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kí lẹ fẹ́ ká rò?”

Mo ní àdúrà ni mò ń gbà. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìyá púpọ̀ ni àwọn ń bá pàdé bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ló ní kí n mú fóònù ọmọ náà wá, mo sì mú un jáde níbi tó ti gbóná sí mi láyà. Wọ́n jù ú sínú ọ̀rá kan pẹ̀lú bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀rá náà àti àbúrò rẹ sínú ọkọ̀ kan náà. Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní ọ̀gá tó gbé àga fún mi dà, wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò. Bàbá rẹ ti lọ sí àgọ́ mìíràn, ó ti dé ilé ìwòsàn, ó ti dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, ó dúpẹ́ pé kò rí i níbẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn kò mọ ibi tó wà.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó mọ ìgbà tí mo bá wà ní ilé ìdáná kò lè sọ pé òun kò mọ ibi tí ọmọ mi wà. Mo ti ṣáájì fóònù yẹn kún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń tanná nígbà tí wọ́n jù ú sínú ọ̀rá, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ lọ. Ìwọ wà nínú ilé náà. Tí yàrá kan bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń wo ibi tí fóònù wà, jọ̀wọ́ kan ilẹ̀kùn, kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nọ́ńbà àbúrò mi, níbo ló dúró sí kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ pé fóònù náà ti kú sínú ilé kan, kí wọ́n sọ irú ilé tó jẹ́. Mi ò ní kí wọ́n dá a sílẹ̀. Kí n kàn mọ ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, kí n lè lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní n kò gbọdọ̀ ní kí o ṣe é. Ó ní ẹni tó bá wò ó níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ló wò ó, ọjọ́ kejì wọ́n lè wá béèrè ohun tí o ń wá. Bàbá rẹ ka lẹ́tà yìí dé ibí. Ó ní ọmọ kan ti jìn sí kànga, èmi tún ń rán ìkejì lọ yọjú wo ìsàlẹ̀. Ó ní kí n pa ẹ̀bẹ̀ yẹn rẹ́, ó fi bíírò sí mi lọ́wọ́. Mo gbé bíírò lé orí rẹ̀, mo rántí ojú tó wú yẹn, ọwọ́ mi kò lọ. Mi ò pa á rẹ́. Mi ò sì pàṣẹ fún ọ. Tí o bá wò ó, ìyá rẹ ló rán ọ. Tí o ò bá wò ó, ìyá rẹ náà ló bí ọ, mi ò ní bi ọ́ léèrè láéláé. Tí èsì bá wà, kí awakọ̀ yẹn mú un bọ̀, má pè.

Lọ́yà kan wà ní ìlú kejì tó ní òun lè bá wa béèrè rẹ̀ ní kóòtù, ṣùgbọ́n kò ní gbé ẹsẹ̀ láìrí nǹkan lọ́wọ́ wa. Owó tí bàbá rẹ ní lọ́wọ́ ti wọ ọkọ̀ tán lórí ìwákiri. Ohunkóhun tí o bá rí, bó ṣe wù kó kéré mọ, fi rán awakọ̀. Má fi síbi báǹkì, torí mi ò mọ ẹni tí báǹkì náà ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá ṣẹ́ kù, ra bàtà kan fún un, o mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló wà.

Ọmọ mi, kí Ọlọ́run tó ń rí gbogbo wa ní yàrá àti ní ilé ìdáná, tí kò sì fi ìkankan nínú wa sun ẹnikẹ́ni rí, fi ojú yẹn wò ọ́, kó fi wo àbúrò rẹ níbi tó wà. Kí a má fi ìfẹ́ wa wá ara wa dé ibi tí ikú wà. Kí o pẹ́, kí o dàgbà, kí ẹ̀yin méjèèjì sin èmi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.